Ọjọ́ Tí Mo Bó Fọ́tò Ìyá Alábọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi nírọ̀lẹ́, tí ẹ ń bi mí pé, "Bọ̀dá Fọ́tò, ṣé èèyàn ṣì lè fi iṣẹ́ fọ́tò jẹun?", ẹ̀yin ni mo kọ ìwé yìí sí. Mo ti gbìyànjú láti fẹnu sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé ìdajì, ọ̀kan nínú yín á já lu ọ̀rọ̀ mi, á ní kí n ya òun lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú ìwé, kò sẹ́ni tó lè já lù mí.

Mi ò tíì darúgbó o. Kí ẹnikẹ́ni má wo orí mi tó pá. Ojú ọ̀tún mi ló fẹ̀yìn tì, èmi kàn tẹ̀ lé e ni. Yàtọ̀ síyẹn, ẹ̀yin náà ti rí ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n gbé wá sí ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde, tó ń gbé fíìmù mì lápá kan, tó sì ń pọ fọ́tò aláwọ̀ jáde lápá kejì, tí ọmọbìnrin kan á kàn jókòó tì í, á máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Mo dúró wò ó lọ́jọ́ kan títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé, "Ìyá Káyọ̀dé, ó tó." Ó ní, "Kí ló tó?" Mo ní, "Kámẹ́rà." Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ wá bá mi gbé ìkòkò yìí kalẹ̀." Bí mo ṣe fẹ̀yìn tì nìyẹn.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ náà ò gùn. Mo jáde ìwé mẹ́wàá. Bàbá mi fẹ́ kí n di akọ̀wé. Ṣùgbọ́n èmi ti ṣàkíyèsí pé bó ti wù kí èèyàn lówó tó, bí oníṣẹ́ fọ́tò bá ní, "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀," á gbé e. Adájọ́ á gbé e, bàbá ìyàwó á gbé e, ìyàwó fúnra ẹ̀ á gbé e. Mo ní iṣẹ́ tí màá fi máa pàṣẹ fún àgbà láìjẹ pé wọ́n nà mí rèé. Ni mo bá lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ṣótúndé. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ bàbá mi àti ọtí tí wọ́n mu lé e, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Ọmọ Ayépé ni Ọ̀gá Ṣótúndé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń lọ aṣọ títí kan súwẹ́tà. Kì í pariwo. Bó bá jẹ́ pé ó ń pariwo ni, à bá mọ ìgbà tí inú ń bí i àti ìgbà tí inú ò bí i. Oṣù mẹ́fà gbáko, mi ò fọwọ́ kan kámẹ́rà. Mò ń nu gíláàsì, mò ń fọ abọ́ oògùn, mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ríran. Ó máa ń tú oríṣiríṣi nǹkan sórí tábìlì nínú yàrá òkùnkùn, ibi tí a ti ń fọ fíìmù: sísọ́ọ̀sì, kọ́kọ́rọ́, orí obì kan, fíìmù, ìdè irun. Á ti èèyàn wọlé, á ti ilẹ̀kùn, á dúró síta, á ní, "Ó yá, dárúkọ wọn." Lọ́jọ́ kan ó fi òkú aláǹgbá kún un. Mo dárúkọ òun náà, àfi pé gbogbo àdúgbò ló gbọ́.

Ìjìyà tiẹ̀ ò sì jọ ti ẹlòmíì. Kì í fọwọ́ kan èèyàn. Bí o bá ba fíìmù jẹ́, yálà o tẹ ìka sí i lójú tàbí o jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kàn án, á fi òwú so ó, á gbé e kọ́ ọ lọ́rùn, o ò sì gbọdọ̀ bọ́ ọ títí tí a ó fi ti ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo oníbàárà tó bá wọlé ló máa bi ọ́ léèrè, ìwọ fúnra ẹ lo sì gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Mo ti ṣàlàyé fún imáàmù rí. Mo ti ṣàlàyé fún ọmọbìnrin kan tí mo fẹ́ fẹ́ rí. Kò fẹ́ mi.

Ohun tó ká Ọ̀gá lára jù lọ ni nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn fíìmù tí a ti fọ̀, tí ojú èèyàn dúdú níbi tó yẹ kó ti mọ́lẹ̀, tó sì mọ́lẹ̀ níbi tó yẹ kó ti dúdú. Òun la fi ń tẹ fọ́tò sórí bébà. Agolo bisikíìtì ló ń kó tiẹ̀ sí, ó kọ orúkọ oníkálukú sí i lára pẹ̀lú ìkọ̀wé tó dára ju ti tíṣà lọ. Á ní, "Délé, bébà tí a fún oníbàárà yẹn, iná lè jó o, ekúté lè jẹ ẹ́, ọkọ lè fà á ya nígbà tí wọ́n bá jà. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí nẹ́gẹ́tíìfù bá wà nínú agolo mi, ẹni náà ò sọnù." Nígbà tí iná bá lọ, ó ti dá ihò kan lu sára ògiri, á jẹ́ kí oòrùn gba ibẹ̀ wọlé, á fi tẹ fọ́tò ńlá. Mo kọ́ ìyẹn náà. Mo lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ ẹ̀, mo gba fìrídọ́ọ̀mù, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo fẹ́yàwó, mo bímọ, mo ya ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ títí mo fi lè mọ ẹni tó fẹ́ sunkún kó tó sunkún.

Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ìbátan mi kan tó ti ìlú òyìnbó dé gbé nǹkan tuntun lé mi lọ́wọ́: kámẹ́rà tí fọ́tò ẹ̀ ń jáde lójú ẹsẹ̀, tí gbogbo ìlú ń pè ní wéètì-áńdì-gẹ́ẹ̀tì. Irú méjì ni mo lò, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ méjèèjì, torí ibẹ̀ lọ̀ràn mi wà.

Irú àkọ́kọ́, oníṣíṣí ni. Bí o bá ti ya èèyàn tán, wàá fa bébà alápá méjì kan jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, wàá dúró fún ìṣẹ́jú kan, wàá wá ṣí wọn kúrò lára ara wọn. Apá kan ni fọ́tò. Apá kejì jẹ́ ìdọ̀tí olóògùn tó ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, inú agbọ̀n lò ń jù ú sí. Ṣí, jù nù. Ṣí, jù nù. Òun ni mo fi ń ya pásípọ́ọ̀tù fáwọn olùkọ́ àti akọ̀wé tó ń ti Odògbolú wá, àti fáwọn tó fẹ́ lọ Mẹ́kà. Mo ṣe é títí ọwọ́ mi fi ń ṣe é fúnra ẹ̀, tí mo lè máa jẹ gúgúrú lọ.

Irú kejì ló wá gba ìlú. Ìyẹn kò ní ṣíṣí nínú. Kámẹ́rà fúnra ẹ̀ á pọ fọ́tò síta bí ẹni yọ ahọ́n. Etí funfun yí i ká, ẹ̀yìn ẹ̀ dúdú, rọ́bà kan tó mọ́ gaara bí omi òjò sì bo ojú ẹ̀. Lábẹ́ rọ́bà yẹn, á kọ́kọ́ ṣú bí omi aró tó ti ṣá, lẹ́yìn náà lèèyàn á wá máa yọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bọ̀ nínú ọyẹ́: gèlè lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà imú, lẹ́yìn náà gbogbo ojú pẹ̀lú àwọ̀. Àwọn oníbàárà á gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á máa fẹ́ ẹ bí ẹni fẹ́ná, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló ń yà wọ́n. Nígbà ọyẹ́, òtútù máa ń sọ gbogbo ẹ̀ di búlúù, èmi a sì fi í sábẹ́ abíyá kó móoru. Ìyàwó ọ̀gá báńkì kan wà tí kò mọ̀ títí dòní pé abẹ́ abíyá mi ni òun ti yọ.

Ọ̀gá Ṣótúndé gbọ́, ó ti Ayépé wá wò ó. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà yẹn. Ó gba fọ́tò kan, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn.

"Délé, nẹ́gẹ́tíìfù ẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní, Ọ̀gá."

"Kò ní?"

"Kò nílò ẹ̀, Ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló jáde yẹn."

"Tó bá sọnù?"

"Kí wọ́n tún wá yà."

"Tí ẹni náà bá ti kú ńkọ́?"

Ẹ̀rín ni mo bú sí. Mo ní, "Ọ̀gá, ta ló kú tó tún ń wá pásípọ́ọ̀tù?" Àwọn oníbàárà tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú mi. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó dá fọ́tò náà padà sọ́wọ́ mi jẹ́ẹ́jẹ́, ó dé fìlà ẹ̀, ó lọ. Ó ju ọdún kan lọ kí n tó tún fojú kàn án.

Láàárín ìgbà yẹn ni Ìyá Alábọ́ wá. Gbogbo ọjà ló mọ̀ ọ́n. Abọ́ tánńganran ló ń tà, àwọn olódòdó yẹn. Láyé ẹ̀, kò ya fọ́tò rí. Mẹ́kà ló fẹ́ lọ lọ́dún yẹn, wọ́n ní kò sọ́nà àfi kó ya pásípọ́ọ̀tù. Ó jókòó síwájú mi bí ẹni tí dókítà fẹ́ gún lábẹ́rẹ́.

"Fọ́tò, mi ò fẹ́ kí eyín mi hàn."

"Ẹ panu dé nígbà náà, Ìyá."

"Bí mo bá panu dé, ta ló máa bá ọ ná an?"

Mo ya pásípọ́ọ̀tù ẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, oníṣíṣí. Àwọn ìyẹn bá fọ́ọ̀mù àwọn tó ń lọ Mẹ́kà lọ, wọn ò sì padà mọ́. Ṣùgbọ́n inú mi dùn sí i, mo ní kó jẹ́ kí n fi kámẹ́rà kejì yà á ní kan láti ọkàn mi wá. Ó ṣì ń bá mi fà á lórí owó nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú fọ́tò náà: ẹnu ẹ̀ là díẹ̀, ojú ẹ̀ ń ṣe yẹ̀yẹ́ èèyàn, gèlè aláwọ̀ osùn lórí ẹ̀. Mo fún un lọ́wọ́, ó sì rí ara ẹ̀ bó ṣe ń yọ. "Háà! Mò ń bọ̀ o! Ẹ wo gèlè mi! Ẹ wo imú bàbá mi!" Ó gbé e káàkiri ọjà lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n sọ fún mi pé títí ó fi kú ló ń gbé e káàkiri, torí náà ni rọ́bà ojú ẹ̀ ṣe ha wíríwírí.

Ó kú kí ọkọ̀ òfurufú Mẹ́kà tó gbéra. Àìsàn ọjọ́ méjì péré. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀ obìnrin, Sàlámọ́tù, ìyá Ráfíù, wà ní Kàdúná tó ń bá ọkọ ẹ̀ ṣòwò. Ìgbà tí yóò fi dé, ilẹ̀ ti bo ìyá ẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Òun ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó tó bí ẹ̀gbọ́n sí mi díẹ̀. Kò jókòó. Ó tú etí ìborùn ẹ̀, ó mú fọ́tò kékeré yẹn jáde.

"Bọ̀dá Fọ́tò, ẹ̀yin lẹ yà á?"

"Èmi ni, Ìyá Ráfíù. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

"Àmín. Àwọn ará ilé ò dúró dè mí. Mi ò bínú, àwọn ló jàre, bó ṣe yẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni mi ò wálé, mi ò sì rí ojú ẹ̀ kí wọ́n tó bò ó." Ó gbé fọ́tò náà lé orí tábìlì. "Gbogbo ojú ẹ̀ tó kù láyé rèé. Ẹ bá mi sọ ọ́ di ńlá, kí n gbé e sí pálọ̀ kó tó di àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Èyí kékeré náà, mo fẹ́ ẹ padà."

Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá sọ fún yín pé kí ẹ lọ fọkàn balẹ̀, ẹ bi í pé báwo ló ṣe fẹ́ ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe ò le. Màá fi kámẹ́rà àtijọ́ ya fọ́tò náà, màá gba nẹ́gẹ́tíìfù ibẹ̀, màá tẹ̀ ẹ́ tóbi. Mo gbé e sábẹ́ iná. Rọ́bà ojú ẹ̀ ń dán, ó ń ta sí mi lójú. Mo yí iná sọ́tùn-ún, gbogbo ibi tó ha hàn bí ọ̀nà ejò lórí yanrìn. Mo yí i sósì, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo lo gbogbo àárọ̀ lórí ẹ̀.

Nígbà náà ni ọgbọ́n dé. Mo máa ń fi àwọn ará àdúgbò wa ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn tó ra àga tìmùtìmù tuntun tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù tó bá a wá sílẹ̀ lórí ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, tí àlejò bá jókòó á máa dún lábẹ́ ẹ̀ bíi pépéyẹ. Mo ní nínú ọkàn mi pé, Délé, ṣé kì í ṣe náílọ́ọ̀nù àga náà nìyí? Àwọn tó ṣe fọ́tò yìí fi rọ́bà bo ojú ẹ̀ kó má baà dọ̀tí ni. Bí mo bá bó o kúrò, fọ́tò gidi á wà lábẹ́ ẹ̀, á máa dán, kò ní ha níbì kan. Gbogbo fọ́tò tí mo ti fọwọ́ kàn látìgbà tí mo ti wà láyé, orí bébà lèèyàn inú ẹ̀ ń gbé. Ìdí wo ni tèyí á fi yàtọ̀?

Mo mú abẹ, mo gé etí funfun náà yíká. Mo ki èékánná bọ igun kan, mo fà á. Ó wá, láìjà, ó ń dún kẹ̀rẹ̀rẹ̀. Ojú mi wà lára apá ìsàlẹ̀, níbi tí mo ti ń retí Ìyá Alábọ́. Ọwọ́ mi kejì ti ju rọ́bà náà sẹ́yìn sínú agbọ̀n láìbi mí. Ṣí, jù nù.

Kò sí Ìyá Alábọ́ níbẹ̀. Ohun dúdú kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àbàwọ́n funfun bí ẹfun tó bọ́ lára ògiri. Mo yí i. Mo nù ún. Mo gbé e sún mọ́ iná. Mo pe orúkọ ẹ̀, kí n má parọ́ fún yín. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì rí i pé ojú kan ṣoṣo tí obìnrin yẹn ní lórí ilẹ̀ ayé, èmi ti bó o.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọkọ̀ lọ sí Ayépé. Kò sí ibòmíì tí mo lè lọ. Ọ̀gá Ṣótúndé jókòó sábẹ́ ọsàn níwájú ilé ẹ̀, ó ń lọ súwẹ́tà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò ní kí n dìde. Mo ṣàlàyé fún ilẹ̀.

Ó ní, "Mú un wá." Mo na apá dúdú náà sí i. Ó wò ó, ó ní, "Èyí tó kù ńkọ́?"

"Èwo ló kù, Ọ̀gá?"

"Rọ́bà tí o bó."

"Mo ti jù ú nù."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. "Délé, obìnrin náà lo jù nù yẹn."

Mo gbé ojú sókè. Ó ní, "Nígbà tí o gbé nǹkan yẹn dé, tí o sì fi mí rẹ́rìn-ín níwájú oníbàárà, mo lọ ya ara mi lọ́dọ̀ ẹnì kan ní Imuṣin. Mo gbé e délé, mo fi abẹ là á bí wọ́n ṣe ń la ọ̀pọ̀lọ́ níléèwé, kí n lè rí ohun tó ń gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Kò sí bébà nínú ẹ̀. Rọ́bà ojú ẹ̀ kì í ṣe ìbòrí. Ara rọ́bà yẹn, láti inú, ni àwòrán èèyàn ń lẹ̀ mọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ìdọ̀tí oògùn ni."

"Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"O ò bi mí. O ní kò nílò ẹ̀."

Ó wọlé, ó wọ súwẹ́tà gbígbóná náà, ó ní ká máa lọ.

Nígbà tí a dé Ìjẹ̀bú-Òde, agbọ̀n ti ṣófo. Mo pariwo pe ìyàwó mi.

"Ìyá Káyọ̀dé! Ìdọ̀tí inú agbọ̀n dà?"

"Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gá. Bàbá Káyọ̀dé, ọdún wo lẹ ti ń ní kí n máa dà á? Mo dà á láàárọ̀."

"Síbo?"

"Síbi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí ni. Ṣé ẹ fẹ́ kó padà wálé?"

Ẹ̀yìnkùlé ni àwa mẹ́ta kúnlẹ̀ sí lábẹ́ oòrùn, èèpo iṣu níwájú, eérú lẹ́yìn, ewúrẹ́ àwọn aládùúgbò dúró tì wá bí ẹni ń retí ìpín tiẹ̀. Ọ̀gá ká ọwọ́ súwẹ́tà sókè, ó ń fi ìka wá a bí ẹni wà nínú yàrá òkùnkùn. Ìyàwó mi ló rí i, ó lẹ̀ mọ́ èèpo iṣu kan. Ó gbé e sókè, ó yí i, ó ní, "Ẹ̀ ẹ́n. Ìyá Alábọ́ ló ń wò mí yìí?"

Òun ni. Lójú rọ́bà níbi tó ti ń dán, Ìyá Alábọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú gèlè àti imú bàbá ẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ ló rí jákujàku pẹ̀lú funfun, ibòmíì ní, ibòmíì ò ní. Ewúrẹ́ ti jẹ igun kan, ṣùgbọ́n kò dé èjìká.

Ọ̀gá ní kí wọ́n bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá. Inú abọ́ olódòdó ni ìyàwó mi bù ú sí, ọ̀kan tó rà lọ́wọ́ olóògbé fúnra ẹ̀. Ọ̀gá rẹ rọ́bà náà sínú omi, ó fi òwú rírẹ̀ nu ẹ̀yìn ẹ̀ bí ẹni nu ojú ọmọ tuntun tó ń sùn. Funfun náà ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, omi ń dà bí wàrà. Bó ṣe ń yọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí òdòdó ìsàlẹ̀ abọ́ náà láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Alábọ́. Nígbà tó gbé e síta, kò sí nǹkan lẹ́yìn ẹ̀ mọ́. Obìnrin kan dúró nínú rọ́bà, àwọ̀ ẹ̀ pé, o sì lè gba inú ojú ẹ̀ rí fèrèsé.

Ó ní, "Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti iwájú wá ló ń dán lára ẹ̀ tó ń fi ibi tó ha hàn. Jẹ́ kó ti ẹ̀yìn wá."

A fi bébà funfun tí a ta òróró sí bo gíláàsì fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, a lẹ Ìyá Alábọ́ mọ́ ọn, oòrùn ọ̀sán wà lẹ́yìn ẹ̀. A gbé kámẹ́rà àtijọ́ mi kalẹ̀, èyí tó ní aṣọ dúdú. Ọ̀gá ki orí bọ abẹ́ aṣọ. Mo gbọ́ tó ń kùn lábẹ́ ibẹ̀. A yà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fọ fíìmù náà fúnra mi, mo gbé e jáde, Ọ̀gá gbà á, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Ó ti wọ agolo," ló wí.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì a ti tẹ̀ ẹ́ jáde, dúdú àti funfun, ó tóbi bí ìbú àyà èèyàn. Kò sí ibi tó ha níbẹ̀. Mo dúpẹ́, mo fẹ́ jókòó. Ọ̀gá ní, "Dúró." Ó mú apá dúdú tí mo bà jẹ́, ó fi abẹ́rẹ́ lu ú, ó ki òwú bọ̀ ọ́, ó sì gbé e kọ́ mi lọ́rùn. Èmi, bàbá ọmọ mẹ́ta, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo fi owó mi yá! Ìyàwó mi sá lọ sẹ́yìnkùlé kó lè rẹ́rìn-ín tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ohun tí mo ti pinnu láti ṣe rèé, kí ẹ mọ irú ẹni tí mo jẹ́: mo fẹ́ gbé èyí ńlá fún Sàlámọ́tù, kí n ní èyí kékeré ti sọnù. Ṣùgbọ́n kò tíì tó wákàtí kan tí ohun yẹn wà lọ́rùn mi tí Sàlámọ́tù fi wọlé.

Ó wo fọ́tò ńlá náà. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún mi, ó ṣàdúrà fún àwọn ọmọ mi. Lẹ́yìn náà ló wò mí lọ́rùn.

"Bọ̀dá Fọ́tò, kí lẹ gbé kọ́rùn?"

Mo wo Ọ̀gá. Ọ̀gá ń wo àjà.

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ọ́ láti orí náílọ́ọ̀nù àga títí dé orí ewúrẹ́. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ojú ẹ̀ ń yí padà.

"Ẹ bó ìyá mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ráfíù."

"Mo gbé ìyá mi fún yín, ẹ bó o bí ọsàn, ẹ sì dà á sí ààtàn?"

"Ẹ dárí jì mí. Àìmọ̀kan ni."

"Àìmọ̀kan! Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n lọ fọkàn balẹ̀? Ibo lẹ gbé e sí? Ibo ni ìyókù ẹ̀ wà?"

Mo nàka sẹ́yìn ẹ̀. A ò tíì yọ ọ́ lójú fèrèsé. Ó yíjú padà, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ sì ń gba inú gèlè osùn yẹn kọjá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà mọ́, ẹnu ẹ̀ là bí ìgbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Sàlámọ́tù rìn sún mọ́ ọn títí iwájú orí ẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́ tó fi jẹ́ pé oníbàárà méjì wọlé, Ọ̀gá sì lé wọn jáde. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò yíjú sí wa.

"Èyí ńlá, kí wọ́n gbé e sí pálọ̀ fún àwọn àlejò. Èyí ni tèmi. Kí ẹnikẹ́ni má fi bébà sí i lẹ́yìn."

Mo fi gíláàsì méjì há a mọ́ àárín, láìsí páálí lẹ́yìn. Mi ò gba kọ́bọ̀, òun náà kò sì bẹ̀ mí pé kí n gbà.

Mo lọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, níbi tí èèyàn ti lè tètè sá. Fọ́tò ńlá wà ní pálọ̀, gbogbo ènìyàn ń yìn ín, wọ́n ń bèèrè ẹni tó yà á, mo sì ń wo bàtà mi. Nígbà tí àwọn àlùfáà ṣe tán, Sàlámọ́tù fi orí pè mí sí yàrá ìyá ẹ̀. Ojú fèrèsé ló gbé tiẹ̀ kọ́ sí. Òun àti àbúrò olóògbé, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kékeré, ni wọ́n wà níbẹ̀. Ojú Ìyá Kékeré kò ríran dáadáa mọ́. Ó tẹ ọ̀pá ẹ̀ sún mọ́ fèrèsé, ó na ọrùn, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

"Sàlámọ́tù, ta ló dúró síta tó ń yọjú wò wá yìí?"

"Ìyá mi ni, Ìyá Kékeré. Fọ́tò wọn ni. Ara rọ́bà ni wọ́n wà."

Ìyá Kékeré tún sún mọ́ ọn. Ó ti mọ̀ ọ́n báyìí, mo rí i lójú ẹ̀. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi yìí, tí kì í fìgbà kan dúró lójú fèrèsé láyé ẹ̀, tó ní ọ̀lẹ nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀! Ó kú tán, ó wá di olófòófó."

Sàlámọ́tù fẹ́ bá a wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu kó tó lè sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ibùsùn ìyá ẹ̀, omi ń bọ́ lójú ẹ̀, ó ń nù ún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Kékeré ní láti ọjọ́ tí Sàlámọ́tù ti dé ni wọ́n ti ń gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́. Kí ẹnì kan bá òun gbé e wá nísinsìnyí, kó tó tún yí ọkàn padà. Èmi ni mo sún mọ́ ilẹ̀kùn jù, èmi ni mo lọ gbé e.